Ọwọ́ Tí Ń Bọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ òwe yìí, kò sì sí òbí tí kì í rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti kíkọ́ ọmọ ní ìlù lílù, ní ewì kíké, ní eré orí ìtàgé, ní àwòrán yíyà àti igi gbígbẹ́, òwe náà a máa tutù lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí wọn yóò sọ nígbà náà ni pé eré lásán ni, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣeré kò yẹ kí ó fi owó ẹlòmíràn ṣe é.

Ní ìlú púpọ̀ ni a ti ń rí ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń péjọ sí ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Kì í ṣe ilé-ìwé ìjọba, kì í sì í ṣe ilé ìtajà. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fún ọdún kan tàbí méjì, ara gbogbo wọn a yá gágá. Lẹ́yìn èyí, owó ilé a tó san, ọ̀dà a tán, awọ ìlù a ya, páànù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìgbà náà ni àwọn alábòójútó yóò gbé ìwé ìdáwó, tí wọn yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé kí ilẹ̀kùn ilé náà má baà tì. Ìrìn yìí ni ó bí ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí ènìyàn rò jinlẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ tọrọ, àti kí ó tó na ọwọ́ fúnni. Èkíní: ǹjẹ́ ó tọ́ láti bèèrè owó fún iṣẹ́ ọnà nígbà tí ebi ń pa ará ìlú? Èkejì: ọwọ́ ta ni ó yẹ kí a ti gba owó náà? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ dandan ni kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà títí láé?

Kí ọ̀rọ̀ má baà di ti inú afẹ́fẹ́, ó yẹ kí a gbé e lé orí àpẹẹrẹ kan tí ayé mọ̀. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, gbé orin Àjíǹde kan kalẹ̀ fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i, nítorí wọ́n ka ìlù bẹ́ẹ̀ sí ìlù àwọn abọ̀rìṣà. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní di ibi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Irú ẹgbẹ́ yìí ti wà ní Ìbàdàn láti 1961, Mbari sì ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbò. Nígbà tí orúkọ náà dé Òṣogbo, àwọn ará ìlú fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni tí ń wí pé bí òun bá rí i, inú òun ìbá dùn.

Nínú ilé yìí ni Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Mọ́rọ̀ jáde ní 1962, àti Ọba Kò So ní 1963, eré tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní 1964. Níbẹ̀ náà ni Denis Williams ti darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí àwòrán yíyà ní 1962 àti 1963, tí Georgina Beier sì darí ti 1964. Àwọn tí ó wọlé wá kì í ṣe àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Jimoh Buraimoh ni ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven ti máa ń jó tẹ̀lé àwọn olóògùn tí ń kiri ọjà. Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Jacob Afolabi àti Adebisi Fabunmi wà lára wọn pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé ìwé mélòó ni wọ́n kà. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n fún wọn ní pátákó, wọ́n sì fún wọn ní àyè. Àmọ́, ohun mẹ́ta wọ̀nyí, owó ni ẹnìkan fi rà wọ́n.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni ó le jù, nítorí pé ẹni tí ń béèrè rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Òun náà ní òwe tirẹ̀: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Yóò ní kí a wo ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, kí a wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí a wá sọ fún òun ìdí tí a fi ń ra ọ̀dà. Àwọn kan a máa dá a lóhùn pé òun fúnra rẹ̀ kì í kó owó tí ó fi du onílù lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì. Àléébù ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́.

Èsì tí ó tọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgbé ayé àwọn baba ńlá wa. Wọn kò dúró kí ebi tán nílùú kí wọ́n tó lu ìlù. Tálákà sọ ọmọ lórúkọ pẹ̀lú orin. Ẹni tí kò ní ju oko kan lọ a máa ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í ṣe onínàákúnàá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ènìyàn tí ó yó ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tí òun í ṣe kò yàtọ̀ sí ẹran ọ̀sìn tí a so mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ni ọmọ ènìyàn nílò, agboolé tí ó ní àká ìbá ti tó, kì bá tí sí ẹni tí yóò gbẹ́ òpó.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbèjà iṣẹ́ ọnà a máa sáré sọ pé iṣẹ́ náà ń mú owó wá, àti pé ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni Èṣù ń yá lò. Òótọ́ ni. Ẹni tí ń tọ́jú iná di ayàwòrán tí a mọ̀ káàkiri. Ẹni tí ń jó lẹ́yìn olóògùn ni àjọ UNESCO fi joyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà ní 2005. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni àwíjàre, a jẹ́ pé a ti tan ọmọ mìíràn jẹ, ìyẹn ọmọ tí ó kọ́ ìlù fún ọdún mẹ́ta, tí kò sì rí kọ́bọ̀ nídìí rẹ̀ títí tí ó fi lọ ṣe iṣẹ́ télọ̀. Ǹjẹ́ òfo ni ọdún mẹ́ta náà? Rárá. Ọmọ tí ó kọ́ dùndún ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ ohùn ìyá ìlù láàárín ariwo. Ọmọ tí ó gba gúdúgúdú lù ti kọ́ láti dúró lórí ohùn kan ṣoṣo nígbà tí gbogbo ayé ń wo ẹlòmíràn. Ó ti kọ́ pé ìlù kò lè dùn bí olúkúlùkù bá fẹ́ jẹ́ ìyá ìlù. Ẹ̀kọ́ yìí ni ìlú ń jẹ èrè rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà di onílù tàbí kò dì í.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ń béèrè ní ààlà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ní ìgbà ìyàn tàbí àjàkálẹ̀ àrùn, ẹni tí ó bá gba owó oògùn lọ́wọ́ aláìsàn kí ó lè fi ra awọ ìlù ti ṣe ibi. Kì í ṣe owó ọbẹ̀ ni ó yẹ kí a tọrọ fún iṣẹ́ ọnà, bí kò ṣe owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù fi òótọ́ wo iye tí ń ṣẹ́kù náà. Ìlú tí ó rí owó ra aṣọ ẹbí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́dún, tí ó rí owó pa màlúù síbi òkú àgbà, kò lè fi ebi ṣe àwáwí nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá tọrọ ọ̀dà.

Ìbéèrè kejì ni ti ọwọ́ tí a ó ti gba owó. Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ìtàn ẹgbẹ́ Mbari ti Ìbàdàn fi ìdí òwe yìí hàn lọ́nà tí ó dunni. Ẹgbẹ́ yìí ni ó tẹ Song of a Goat ti J. P. Clark jáde ní 1961 àti Heavensgate ti Christopher Okigbo ní 1962. Lára owó tí ó fi ń ṣiṣẹ́ wá láti ọwọ́ àjọ kan tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, àti Farfield Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín 1966 sí 1967 ni àṣírí tú sí gbogbo ayé pé àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, ni ó wà nídìí owó náà. Orí bàbà ni a gbà pé a jókòó lé, àṣé ìjókòó ẹlòmíràn ni.

Àwọn kan sọ pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí pé owó ni owó ń jẹ́, ìwé sì ti jáde. Àwọn mìíràn sọ pé gbogbo ohun tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ti bàjẹ́. Ìhà méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó fún. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé náà lónìí kò lè fi ìka kan ibi tí ohùn Amẹ́ríkà ti ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Òtítọ́ tí ó wà nínú ewì kì í di irọ́ nítorí ẹni tí ó ra bébà. Nítorí náà iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n a ṣẹ àwọn tí ó ṣe é. A lo orúkọ rere wọn fún ìjà tí a kò fi lọ̀ wọ́n. Ẹ̀bùn tí olùfúnni fi ojú pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀ a máa gba ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á, ohun náà sì ni ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún alábòójútó òní ni pé kí ó bi ẹni tí ń fúnni léèrè orísun owó rẹ̀, bí ìtìjú tilẹ̀ ń mú un. Nítorí pé kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó ń fi dógò, orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀.

Bí a bá wá mọ olùfúnni ńkọ́? Ǹjẹ́ gbogbo rẹ̀ ti dára? Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí kò fẹ́ ìlù Ládiípọ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́. Gbangba ni ó ti sọ ohun tí kò fẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ni ilé ni ó sọ ìlù tí yóò dún nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olóṣèlú tí ó ra ọ̀dà ní ọdún ìdìbò, tí ó sì fẹ́ kí a fi ọ̀dà náà ya ojú òun sí ara ògiri. Nígbà àtijọ́, ọba ni ń bọ́ àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà. Olówè ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó tí ó rẹwà fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọba ni ó jókòó sí àárín iṣẹ́ náà.

Àwọn kan yóò ní, ó dáa, kí iṣẹ́ ọnà fi ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Kí òǹwòran sanwó. Wọn yóò tọ́ka sí Hubert Ògúndé. Ní 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ Aládùúrà, kí ìjọ náà lè rí owó kọ́lé. Kò pẹ́ sí i ni ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Níhìn-ín, dípò kí ìjọ bọ́ eré, eré ni ó bọ́ ìjọ. Ọ̀nà yìí dára fún àgbà òṣèré. Ṣùgbọ́n òǹwòran náà jẹ́ ọ̀gá, ọ̀gá tí ó sì le ni: ohun tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ kú. Àti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń di ọ̀bẹ mú, ta ni yóò sanwó láti wo igi tí ó gé wọ́gọwọ̀gọ? A kò lè ní kí ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ lọ wá oúnjẹ tirẹ̀.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé kò sí ọwọ́ tí kò ní okùn nídìí. Ọgbọ́n kò sí nínú wíwá ọwọ́ tí kò ní okùn. Ọgbọ́n wà nínú kí okùn pọ̀, kí ó sì tínrín, débi pé kò sí ẹyọ kan tí ó lè dá fa ilé náà lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn Yorùbá ti ní irú ètò yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé, a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ a pọn omi, wọn a gún ilẹ̀, wọn a bo òrùlé, onílé a sì fún wọn ní oúnjẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kò sí ẹni tí ń sọ pé yàrá kan di ti òun nítorí pé òun ru amọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe ní ọ̀wẹ̀ kì í ra ilé. Bí òbí kan bá fún ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní pátákó, tí káfíńtà fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, tí ìyálọ́jà fún un ní ìwọ̀n owó tí agbára rẹ̀ gbé, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Ètò ìkówójọ tí ó wọ́pọ̀ lóde òní, èyí tí ará ìlú ń pè ní lóńṣìn, yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀ ni alága yóò ti dìde, tí a ó ti ki oríkì rẹ̀, tí yóò sì kéde owó ńlá sínú gbohùngbohùn. Àtẹ́wọ́ a dún. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó náà kò tíì dé, ṣùgbọ́n orúkọ ti lọ. Èyí tí ó tún burú ni pé ìyá tí ó ní náírà díẹ̀ tí ó dì mọ́ etí ìró a jókòó ti owó rẹ̀ nítorí ìtìjú. Ètò tí ó bá dójú ti ẹlẹ́bùn kékeré ti lé àwọn tí ìbá gbé ilé náà ró sá.

A tún rí ọ̀nà mìíràn. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ àdìrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni ó ń fi gbé e ró. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ìwà yìí ga, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ìyìn náà lè di ibi ìsádi fún àwọn ọ̀lẹ: ìlú a máa yin ẹni tí ń dá ru ẹrù, kí wọ́n má baà bá a sọ ọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹni tí ó dá ilé kan gbé ró fún ogún ọdún ti ṣe ẹ̀tọ́ tirẹ̀ àti ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò ṣe tiwọn.

Ìbéèrè kẹta ni ó kù. Ọ̀rọ̀ Mbari gan-an ni yóò ràn wá lọ́wọ́. Ní agbègbè Owerri, ilé Mbari jẹ́ ilé amọ̀ tí àwọn ará ìlú kọ́ láti fi bọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Wọ́n a yan àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ láti kọ́ ọ, iṣẹ́ náà a sì gba oṣù tàbí ọdún. Wọn a fi amọ̀ mọ ère ènìyàn, ti ẹranko, ti òyìnbó pàápàá. Gbogbo ìlú ni ń ru ìnáwó rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, tí a ti ṣe ọdún rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò. Wọn kì í tún un ṣe. Bí ó bá wó, kò sí ẹni tí ń sunkún, nítorí pé kíkọ́ ni ọlá wà, kì í ṣe nínú ògiri. Bí òrìṣà bá tún bèèrè, a ó kọ́ òmíràn.

Ilé Òṣogbo jọ orúkọ rẹ̀. Ulli Beier kúrò ní Nàìjíríà ní 1966. Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978. Ilé ọtí tí ó di ilé ọnà kò lè jẹ́ ohun tí ó jẹ́ ní 1964 mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilé nìkan ni a ń wò, a ó sọ pé ó kùnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kọ́ níbẹ̀ kò wó. Àwọn ọmọ ilé náà yàwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kọ́ ẹlòmíràn.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a jókòó kí ilé tí ń kọ́ ọmọ máa wó. Àwọn tí ń fi Mbari sílẹ̀ fún òjò mọ ẹni tí yóò kọ́ èyí tí ń bọ̀. Ìlú tí kò ní ọwọ́ kankan tí ó mọ amọ̀ ín mọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wí pé kò sí nǹkan kan bí Mbari bá wó. Òṣùwọ̀n tí a ó fi mọ̀ bóyá kí a dáwó kí ilẹ̀kùn má tì nìyí: ǹjẹ́ ọmọ kan wà nínú ilé náà tí kò tíì gbọ́n tó láti kọ́ ẹlòmíràn? Bí ó bá wà, kí á wá owó. Bí kò bá sí ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́, tí ó ku orúkọ, àga àti àwọn alábòójútó tí ń gba owó oṣù, kí a jẹ́ kí òjò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń gbé ìwé ìdáwó kiri má ṣe tijú, bí ó bá jẹ́ pé owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọbẹ̀ ni ó ń tọrọ, tí ó mọ ibi tí owó náà ti wá, tí ó sì lè ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sókè níwájú àwọn ọmọ tí a fi orúkọ wọn tọrọ. Kí ẹni tí ń fúnni náà fúnni bí ẹni tí ó wá sí ọ̀wẹ̀, kí ó fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, kí ó sì máa lọ ilé rẹ̀. Ilé a máa wó, páànù a máa dípẹtà. Ọmọ tí a kọ́ ni yóò tún ilé kọ́.